Ọdún Tí Òjò Kọ̀ ní Panama, Tí A Dúró Lẹ́nu Géètì

Ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ ní Panama ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àrùn kòrónà ti rọlẹ̀ nígbà náà, àwọn èèyàn ti bọ́ ìbòmú sílẹ̀, ọjà sì ti ń tà padà káàkiri Atlanta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ní kí n kọ ìrírí mi sílẹ̀ lè máa rò pé kí ló kan Panama nínú ìyanṣẹ́lódì tó ṣẹlẹ̀ ní Georgia. Ẹ fara balẹ̀. Omi tó fà ní ìlú tí n kò dé rí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ mi gbẹ ní Redan níbí tí mò ń gbé.

Kí n tó wá sí Amẹ́ríkà, olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, mo sì wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ olùkọ́ ní agbègbè wa. A yanṣẹ́ lódì nígbà kan títí koríko fi gba gbogbo pápá ìṣeré. Nígbà tí mo dé ìhín, mo sọ fún ọkọ mi, Bàbá Yétúndé, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé mo ti fẹ̀yìn tì nínú ìjà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ kẹ̀? Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbogbo ayé ṣe tán."

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn Stone Mountain. Warehouse ni gbogbo wa ń pè é. Láti etíkun Savannah ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fa àwọn kọ̀nténà wá bá wa, tí wọ́n kún fún fáànù, àga, bàtà, ìkòkò àti ohun ìṣeré ọmọdé láti China, Korea àti Vietnam. Àwa la máa ń tú wọn, tí a ó ṣà wọ́n, tí a ó sì dì wọ́n fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ra fáànù ní Pleasant Hill Road ní Duluth láyé ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gba ọwọ́ mi kọjá.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Mo tún fẹ́ràn àwọn tí a jọ ń ṣe é. Delfina ni èmi àti ẹ̀ jọ máa ń tú kọ̀nténà. Opó ni, ọmọ ìlú Colón ní Panama, ó ga, ó sì ní ohùn tó lè jí odidi àdúgbò. Òun ló ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Ẹnìkejì ni Tèmítọ́pẹ́, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Stone Mountain níbí, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà á láyè. Tèmítọ́pẹ́ máa ń gbìyànjú láti bá mi sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ máa ń yọ́ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, ó sáré wọ yàrá oúnjẹ. "Aunty! Aunty! Ọkọ wa ń bọ̀! Ọkọ mẹ́wàá!"

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. "Tèmítọ́pẹ́, ọkọ mẹ́wàá bí ti báwo? Ọ̀kan tí mo ní nílé ti tó mi."

"No, Aunty! Truck! Àwọn tó gbé kọ̀nténà."

"Ọkọ̀ nìyẹn. Fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀."

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Delfina. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí páálí. Láti ọjọ́ náà, bí kọ̀nténà bá ti ń wọlé, á kígbe ní Yorùbá Colón rẹ̀ pé, "Ọkọ ti dé!" Gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Nígbà tó yá, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Èèyàn á jí ní ìdájí, á wa ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á sì ní kó máa padà lọ sílé nítorí pé kò sí ohun tó máa ṣe. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ẹrù á ya wọlé bí omíyalé, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, kí gbogbo wa tún wá lọ́jọ́ Sunday. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ ọ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí a ti wà lójú ọ̀nà. Delfina kì í mọ ọjọ́ tí yóò lè lọ mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday school. Ó tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń retí mi, tí n kò yọjú.

Ìráhùn pọ̀. Máníjà wa pe gbogbo wa sí yàrá oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Craig, nítorí èyí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó máa ń bi mí léèrè àlàáfíà ọkọ mi. Ó gbé àwòrán ayé ńlá kan kọ́ sára ògiri.

"Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wa kọ́. Ẹjọ́ canal ni."

Bí mo ṣe gbọ́ canal, kánà ẹ̀yìnkùlé àbúrò mi ní Èkó ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí ike àti ọ̀rá ti dí pa. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé báwo ni kánà ṣe lè dá iṣẹ́ dúró ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀gbẹ́ni Craig fi ìka tọ́ka sí ibi tóóró tó so Amẹ́ríkà ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti la ilẹ̀ já, kí ọkọ̀ ojú omi lè ti inú òkun kan bọ́ sínú èkejì láì yí gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà po. Adágún omi kan wà láàárín, ó ga ju òkun lọ. Bí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á tì í mọ́ inú yàrá omi, omi adágún á ṣàn wọlé, á sì gbé ọkọ̀ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ní òdìkejì, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kì í kọjá kí omi púpọ̀ má ṣàn dà sókun, òjò nìkan ló sì ń dá omi náà padà.

"Òjò ò rọ̀," ó ní. "Adágún ti fà. Wọ́n ti dín iye ọkọ̀ tó ń kọjá kù, wọ́n sì ní kí èyí tó ń kọjá má kó ẹrù kún. Àwọn kan ń dúró lójú omi, àwọn kan ti gba ọ̀nà jíjìn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń pẹ́, tó fi ń wọ́n, tó sì jẹ́ pé bó bá dé, á dé papọ̀."

Olùkọ́ ni mí, mo mọ ẹni tó mọ nǹkan ṣàlàyé. Ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé fáànù tí mò ń gbé ti gba ibi tóóró yẹn kọjá. Awakọ̀ tó ń ti Savannah bọ̀, ọmọbìnrin tó ń tajà ní Duluth, bàbá tó fẹ́ ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló ń jẹ lára omi náà, wọn ò sì mọ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣú, kò síbi tí kò ní ṣókùnkùn.

Delfina dìde. "Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Láti Barbados ló ti wá. Ariwo àdó tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ló di etí rẹ̀ kan pa. Ṣé mo lè béèrè nǹkan kan?"

"Béèrè, Delfina."

"Àwọn ọkọ̀ tó ń dúró lójú omi yẹn, ṣé wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò kàn wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń gba àyè sílẹ̀, wọ́n á sì sọ ọjọ́ fún wọn."

"Kí ló dé tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wọn?"

Ọ̀gbẹ́ni Craig rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èèyàn ò lè fi ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó máa dúró, láìmọ ohun tó ń dúró dè. Ìnira yẹn pọ̀ jù."

"Ẹ ṣeun," Delfina wí. "Wọ́n ń sọ ọjọ́ fún irin. Ṣé àwa ò tó irin ni?"

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ẹlòmíràn gbà á, ó sì di gbogbo wa. Ọ̀gbẹ́ni Craig ká àwòrán ayé rẹ̀, ó ní ìpàdé ti parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò pe Delfina síṣẹ́. Wọn ò pè é ní èyí tó tẹ̀lé e náà. Wọn ò sọ pé àwọn lé e, wọn ò sì sọ pé kó wá.

Èmi àti Tèmítọ́pẹ́ lọ kí i ní ilé rẹ̀ ní Stone Mountain. Mo rò pé a ó bá a níbi tó ti ń sunkún. Ìdí ààrò la bá a, ó ń se ìrẹsì alágbọn pẹ̀lú ẹ̀wà kan. Mo ṣí ìkòkò wò, mo sì kígbe, "Òtílí!" Ìyá mi àgbà ní Ìlá máa ń sè é fún wa, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti fi ojú kàn án gbẹ̀yìn. Delfina ní guandú ni àwọn ń pè é. A jiyàn lórí orúkọ rẹ̀ títí a fi jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà tí a jẹun tán ni Tèmítọ́pẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Aunty, ẹ wò ó. Tí rain bá start ní Panama, gbogbo ọkọ, sorry, ọkọ̀, gbogbo wọn máa dé at once. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa need gbogbo wa. Ìgbà yẹn ló yẹ ká dá iṣẹ́ dúró."

Mo wo ọmọ náà. Ohun tó gba àwa lọ́dún púpọ̀ ká tó mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo, ó ti rí i. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ẹ má béèrè nǹkan rẹpẹtẹ. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ kékeré lè sọ láì gbàgbé."

Delfina ní, "Ohun kan: kí wọ́n sọ ọjọ́ fún wa."

"Àti ẹnì kan," ni Tèmítọ́pẹ́ wí, ó ń tọ́ka sí Delfina.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn, nídìí ọkọ̀, nídìí ẹ̀rọ kọfí, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbà, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Mexico ń gbà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Georgia fúnra wọn ń gbà. Wọ́n ní òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Tiwa yàtọ̀: àìrọ̀ òjò ló pa àwa pọ̀. A wá di ẹni tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ Panama lórí fóònù láràárọ̀. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, mo dìde, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún òjò ní Panama. Pásítọ̀ wò mí títí.

"Sister Fọlá," ó ní, "ṣé ẹ ra ilẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Òjò náà rọ̀. Kò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Adágún kún díẹ̀díẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń kọjá, kò sì pẹ́ tí kọ̀nténà fi tò lọ rẹrẹ lórí ilẹ̀ gbalasa iwájú warehouse. Ọ̀rọ̀ dé sórí fóònù wa: kí gbogbo wa wá ní Sátidé, kí gbogbo wa tún wá ní Sunday, láìsí àwáwí. A ránṣẹ́ sí ara wa pé ní òwúrọ̀ Sátidé, a ó dúró sẹ́nu géètì, a ò ní wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, Bàbá Yétúndé jókòó tì mí. "Ṣé o mọ̀ pé ìlú onílùú la wà?"

"Mo mọ̀."

"Tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?"

"Màá wá iṣẹ́ mìíràn."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàtà wo lo máa wọ̀? Ìdúró yẹn á pẹ́ o." Ó dìde, ó lọ wá bàtà mi tó rọ̀ jù lọ, ó sì tò ó sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ọkọ̀ kún ibi ìgbọ́kọ̀sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ la fi ń rìn wá, ojú á kan ojú, ẹ̀rù ọ̀kan á sì tán lára èkejì. Níbí, kálukú ti ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, ó gbé gíláàsì sókè, ó ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde. Èmi náà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, n kò lè ṣí i. Ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ Delfina tó ti gbó rọra wọlé, òun tí wọn ò pè síṣẹ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé tábìlì jáde, ó gbé ìkòkò ńlá lé e. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un kígbe:

"Ọkọ ti dé!"

Ẹ̀rín pa mí nínú ọkọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀, Tèmítọ́pẹ́ ti bọ́ sílẹ̀ lápá kejì, ó gbé páálí kan sókè tó ti kọ ọ́ gàdàgbà sí lára pé ọkọ̀ ojú omi mọ ọjọ́ rẹ̀, àwa ńkọ́? Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń dún: gbà, gbà, gbà. Kí n tó dé ìdí ìkòkò, èèyàn ti kún ibẹ̀. Àwọn tí ilé iṣẹ́ agbaniṣíṣẹ́ yá fún warehouse, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn kí wọ́n lè dá yàtọ̀, àwọn náà bọ́ sílẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà dá orin, àwọn obìnrin Georgia gbè é láì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá tiwọn, àwa náà gbè é.

Ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ ti Savannah dé. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan yọ orí lójú fèrèsé. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?"

Delfina gbé àwo ìrẹsì fún un. Tèmítọ́pẹ́ ṣàlàyé.

Bàbá náà jẹ ṣíbí kan. "Ẹ̀yin nìkan kọ́," ó ní. "Mo ti dúró ní etíkun láti àná, kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó máa kàn mí." Ló bá tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á. Ariwo náà gbọn àyà mi, ó sì dùn mọ́ mi bí orin Kérésìmesì.

Ọ̀gbẹ́ni Craig jáde wá. Ojú mi ló kọ́kọ́ rí. "Fọlá, kí lèyí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà," mo ní. "Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ wa ló yé wa."

Ó wo kọ̀nténà, ó wo àwọn ọkọ̀ tó tò sójú títì. "Kí lẹ fẹ́?"

Tèmítọ́pẹ́ dá a lóhùn. "Ohun kan àti ẹnì kan. Kí ẹ sọ ọjọ́ iṣẹ́ fún wa ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí a ti dé, kí ìyà rẹ̀ má jẹ́ tiwa nìkan. Kí Delfina sì padà."

"Delfina wà níbí. Mò ń wò ó."

"Ẹnu géètì ló wà. Inú ilé la fẹ́ kó wà."

Ó wọlé lọ pe àwọn ọ̀gá rẹ̀. Oòrùn ń gòkè, oúnjẹ inú ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó padà, ó ní wọ́n ní kí a wọlé, àwọn yóò bá wa sọ̀rọ̀ ní Monday.

Delfina ní, "Monday, aago mélòó?"

Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Awakọ̀ onírùngbọ̀n tún tẹ fèrè. Ọ̀gbẹ́ni Craig náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó padà sínú ilé. Ìgbà tó tún jáde, ó gbé fóònù sókè, ohùn obìnrin kan láti olú iléeṣẹ́ ń jáde níbẹ̀. Obìnrin náà gbà: wọn yóò máa sọ ọjọ́ iṣẹ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́nu géètì kò ní lọ lọ́wọ́ òfo, Delfina á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. A ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa ká tó gbé ẹsẹ̀. Ó kọ ọ́.

Delfina ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń jó. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Mo ti yanṣẹ́ lódì rí, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí èèyàn ti ń jó wọ ibi iṣẹ́ rí.

Kí la jẹ nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí mọ ọjọ́ iṣẹ́ wọn. Mo padà sí Sunday school mi. Delfina ń mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Kí la pàdánù? Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Craig lọ sí ìlú mìíràn, n kò sì rí i dágbére fún. Àwọn tí kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ń yẹra fún wa fún ìgbà pípẹ́, lára wọn ni ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ, tó jẹ́ pé àìpẹ́ yìí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń jẹun pọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ Sunday náà ṣì wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá pọ̀, wọ́n ṣì lè ní dandan ni.

Gbèsè tó kù lọ́rùn wa tóbi ju gbogbo ìyẹn lọ. Àwọn ẹlẹ́wù ọsàn tí wọ́n bá wa dúró, tí wọ́n bá wa kọrin, warehouse ní àdéhùn náà kò kàn wọ́n, pé ẹni tó yá wọn wá ni kí wọ́n lọ bá. Títí di òní olónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ọjọ́ iṣẹ́ wọn pàdé ní ìdájí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó dájú wàyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò jẹ́ kí n sinmi.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gba gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Redan láti fi ṣèpàdé. Tèmítọ́pẹ́, tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin báyìí, ló kó wọn jọ. Wọ́n ní kí n fi àdúrà ṣí i. Mo gbàdúrà kúkúrú, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni. Àwọn tó wá kò pọ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ yíjú sí mi.

"Mama," ó ní, "tí wọ́n bá kọ̀ fún wa ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹnì kan dání."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àga kò tó jókòó.